Kò Sí Òpó fún Ẹ̀rín

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Ìwé tuntun. Ti àtijọ́ ti kún, ẹjọ́ àwọn ará ọ́fíìsì ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí náà kò ní yàtọ̀. N kì í sọ̀rọ̀, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ rí ibi kan da á sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Yàrá kan ní òkè kejì. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin, ọ̀kan ti kú, wọ́n ń fi í gbé ife tíì. Fèrèsé tí kò ṣeé ṣí. Kápẹ́ẹ̀tì tó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ tí òjò pa. Iṣẹ́ wa: àwọn kan ti lọ káàkiri abúlé, wọ́n gba ohùn àwọn ìyá àgbà sílẹ̀, lórí ewé, èso àti gbòǹgbò tí wọ́n ń jẹ. Èmi á gbọ́ ohùn náà, màá tẹ̀ ẹ́ sínú àkójọ. Orúkọ ewé ní òpó kìíní. Ibi tí wọ́n ń jẹ lára rẹ̀ ní òpó kejì. Bí wọ́n ṣe ń sè é ní ìkẹta. Ẹ̀yà ara tí ó kàn ní ìkẹrin. Ohun tó dára fún ní ìkarùn-ún. Ohun tó lòdì sí ní ìkẹfà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á so ó mọ́ ohun tí àwọn dókítà ti kọ kárí ayé. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru á ṣí fóònù rẹ̀, á rí ewé tó yẹ kó jẹ. Iṣẹ́ gidi ni. Àwọn tó ń ṣe é ló ń rí mi lára.

Ọ̀gá Eyín – etí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ ló fi ń ta eyín. Á yọ ọ́, á wò ó, á fi nu abẹ́ àga. Káàdì yẹn náà ló ń nà sí àlejò pé kí wọ́n ka orúkọ òun. Gúgúrú – òun ló ń darí ẹ̀rọ – ń jẹ gúgúrú lórí kíbọ́ọ̀dù láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Orúkọ tí wọ́n fún èmi ni Dákẹ́. Lónìí Gúgúrú bi mí bóyá wọ́n ń gba owó orí lórí ọ̀rọ̀ sísọ ni, tí mo fi ń ṣọ́ ti èmi ná. Èérún ń fò jáde lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń bi mí.

Nílé, Ẹ̀gbọ́n mi bì lẹ́ẹ̀mẹta. Oyún rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lónìí. Méjì ti wá ṣáájú, wọn kò dúró – ọ̀kan lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, èkejì ní ìkẹwàá. Èyí ti kọjá àwọn méjèèjì. Mo da èébì náà nù, mo fọ báàkẹ́ẹ̀tì. Kò rí mi lára rárá. Nínú gbogbo ohun tó ń jáde lára ọmọ ènìyàn, òun nìkan ni mo lè fi ọwọ́ mi kó láìbínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Horo gúgúrú kan há sábẹ́ bọ́tìnnì "ẹ". Mo fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́. Ó ti rin. Itọ́ ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín. Mo fún un lórúkọ nítorí gbogbo gbólóhùn rẹ̀ ló ń fi ẹ̀rín parí. Ó tó wákàtí kan tí mo fi ń gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin mìíràn wà lọ́dọ̀ rẹ̀, à ń gbọ́ adìyẹ, à ń gbọ́ ẹni tó ń rọ omi.

Ewé kan tí n kò gbọ́ rí: àlejò-kò-mọ̀. Mo gbọ́ orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹfà kí n tó tẹ̀ ẹ́, kí àmì orí rẹ̀ lè pé. Ó ní, "Ẹ̀fọ́ ni. A máa ń jẹ ẹ́. A ó bọ̀ ọ́, a ó da omi àkọ́kọ́ nù, a ó wá sè é." Ẹni tó ń gba ohùn bi í pé kí ni ó ń ṣe lára. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó ń bá obìnrin gbálé." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gígùn. Ẹnì kan ń pàtẹ́wọ́.

Ká ní Gúgúrú ló gbọ́ ọ ni, ìmọ́tótó ilé ni ì bá kọ, bóyá kó tiẹ̀ so ó mọ́ ọṣẹ. Èmi dúró, mo ronú. Ilé wo ni obìnrin ní nínú ara? Ilé ọmọ. Mo tẹ̀ ẹ́ sí òpó kẹrin: ilé ọmọ. Òpó karùn-ún, mo kọ: ó ń fọ ilé ọmọ. Òpó kẹfà, n kò rí ohun kan kọ, mo fi ìlà kékeré síbẹ̀ – ó túmọ̀ sí pé a kò tíì mọ̀.

Inú mi dùn sí ìlà yẹn. Ó mọ́. Ẹ̀rín wọn nìkan ni n kò rí ibi kọ. Kò sí òpó fún ẹ̀rín. Ó yẹ kí n so ohùn náà mọ́ ìlà ewé náà nínú àkójọ, iṣẹ́ mi ni, àmọ́ Ọ̀gá Eyín ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ó ní ohùn àwọn arúgbó kò bá ojú òde mu. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú káàdì láàárín eyín.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ìpàdé. Ọ̀gá Eyín ní òpó kẹfà ń bà á nínú jẹ́. Ó ní àwọn onínáwó tó ń gbé iṣẹ́ wa ró ń bọ̀ ní Ìṣẹ́gun, tí wọ́n bá ṣí àkójọ, tí wọ́n rí òpó tí ìlà kékeré kún inú rẹ̀ bí ẹnu tí eyín ti ká, wọ́n á ní a kò ṣiṣẹ́. Ó ní kí Gúgúrú yọ ọ́. Gbogbo òpó náà. Gúgúrú ní àwọn ibi tí nǹkan wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ó ní kí ó tọ́jú wọn síbì kan, a ó padà sí i.

Mo mọ̀ pé ìlà kékeré kì í ṣe òfìfo. "A kò mọ̀" kì í ṣe "kò sí ewu." Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi. Ó dé eyín mi pàápàá. Mo gbé e mì.

Gúgúrú ní, "Ẹ wo Dákẹ́, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ pe àwọn ènìyàn kí wọ́n wá wò ó." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wo ilẹ̀. Lórí kápẹ́ẹ̀tì, èékánná ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀, ti ẹnìkan tó gé e lọ́fíìsì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi ti fi áàpù wa sórí fóònù rẹ̀. Gúgúrú ti tú u síta fún àwọn tó bá fẹ́ dán an wò. Ibi tó bi í ní "Kí ni ara rẹ wí?" ó tẹ "aboyún". Ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé tí òun bá tẹ̀ ẹ́ líle, á fọ́. Ó wá ń fi han obìnrin yàrá kejì: "Àbúrò mi ló ṣe é o. Ẹni tí ẹ ń pè ní odi yẹn." Mo ní kì í ṣe èmi nìkan. Obìnrin náà ní, "Háà, ó fọhùn."

Ọkọ Ẹ̀gbọ́n – awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ni, kì í wá sílé ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ – ní kí ẹ̀rọ sọ ewé tí ọkùnrin máa jẹ tí èébì ìyàwó rẹ̀ kò bá jẹ́ kó sùn. Ẹ̀gbọ́n mi jù ú ní ìrọ̀rí. Ó pẹ́ tí mo ti rí i kó ju nǹkan bí ọmọdé báyìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Àwọn onínáwó wá. Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà nítorí kápẹ́ẹ̀tì, àfi bí ẹni pé kápẹ́ẹ̀tì ló mọ́ ju bàtà. Ọ̀gá Eyín ń sọ̀rọ̀ bí epo ṣe ń ṣàn. Ó ní ọgbọ́n àwọn ìyá wa kò ní bá wọn wọlẹ̀ mọ́. Kò gbọ́ ohùn ìyá kan rí, láti ọjọ́ tí mo ti wà níbẹ̀.

Ó tún ti fi gbólóhùn kan sábẹ́ gbogbo ewé pátá: "Ẹ má ṣe da omi rẹ̀ nù, inú omi ni agbára ewé wà." Ó kà á níbì kan. Gbogbo ewé. Ẹgbẹ̀rún kan àti díẹ̀.

Obìnrin kan nínú àwọn onínáwó bọ̀ mí lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọ̀gá Eyín bọ̀ mí lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ ṣì tutù fún itọ́. Mo lọ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

N kò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Màá to o bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àárọ̀. Ọ̀gá Eyín fẹ́ tẹ ìwé ìpolówó, ewé mẹ́wàá tí àwọn ènìyàn ṣí jù. Àlejò-kò-mọ̀ wà lára wọn, ipò kẹta. Ó ní kí n wo bí a ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Ohun tí mo ń ki sétí ti bàjẹ́ – Gúgúrú jókòó lé e – nítorí náà mo jẹ́ kí ohùn náà jáde síta. Ìyá Agbálẹ̀ wà nínú yàrá. Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ló ń dé òkè wa. Ó ń gbá abẹ́ àga Ọ̀gá Eyín, ó ń kùn pé irú ẹni wo ló ń ṣe báyìí.

Ohùn náà dé "Ó ń bá obìnrin gbálé." Ẹ̀rín.

Ìgbálẹ̀ dúró.

Ìyá Agbálẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kan náà. Mo ṣàkíyèsí ìyẹn, ó dà bíi pé wọ́n jọ kọ́ ọ nílé ìwé kan. Ó ní, "Àwọn ìyá yìí ò dáa o. Ta ni wọ́n ń bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn?" Mo ní èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ni mo wá tẹ̀. Mo sọ fún un. Ó wò mí títí.

Ó ní, "Ọmọ mi, kí ni èèyàn ń gbá kúrò nínú ilé?"

Mo ní ìdọ̀tí.

Ó ní, "Tí ilé yẹn bá wá jẹ́ ilé ọmọ. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Ó ní ọ̀rọ̀ tí àgbà ń fi bo ọmọdé lójú ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ oyún, ẹni tí ìtìjú bá bá, wọ́n á ní kó lọ gbálé. Wọn kì í pè é lórúkọ. Ó ní ẹ̀fọ́ ni lóòótọ́, òun náà ti jẹ ẹ́, kò sí ohun tó ń ṣeni bí a bá ti da omi àkọ́kọ́ nù. "Omi yẹn ni ìgbálẹ̀." Ó ní ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní àlejò-kò-mọ̀ gan-an nìyẹn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí gbálẹ̀. Ó ń wò mí láti ìsàlẹ̀.

Mo lọ bá Ọ̀gá Eyín. Mo sọ̀rọ̀. Ohùn mi kéré, ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ó ní, "Ẹ̀rí dà?" Mo ní Ìyá Agbálẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé agbálẹ̀ ló wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ewé báyìí. Ó ní ẹ̀rọ ti so ewé yẹn mọ́ ìwé dókítà mẹ́ta. Mo bi Gúgúrú. Ó ní ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ pé ó ní irin nínú, irin sì dára fún aboyún, àbí kò dára? Ó ní, "Ohun tí o bá kọ ni mò ń so pọ̀. Ilé ọmọ. Ó ń fọ̀ ọ́. Òpó kẹfà ò sí mọ́. Ẹ̀rọ á ní kí ó máa lọ sọ́dọ̀ aboyún. Ẹ̀rọ ò mọ àwàdà, Dákẹ́." Ó ń jẹun bó ṣe ń sọ ọ́. Ó wá dáwọ́ dúró, ọwọ́ kún fún gúgúrú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ tó lóyún, tó wà lára àwọn tó ń dán áàpù wò ńkọ́?"

Mo sáré lọ sílé. N kò tọrọ àyè.

Láti ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ti gbóòórùn rẹ̀. Òórùn koríko tútù tí wọ́n sè. Ìkòkò wà lórí iná, Ẹ̀gbọ́n mi ń rọ omi rẹ̀ sínú ife tí òdòdó wà lára rẹ̀, èyí tó fẹ́ràn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó ní ẹ̀rọ mi ló kọ̀wé sí òun ní Ìṣẹ́gun pé ewé kan wà tó dára fún ilé ọmọ, òun rà á lọ́wọ́ obìnrin tó ń tà lẹ́bàá ibùdókọ̀, òun mu ife kan láàárọ̀ àná, ife kan láàárọ̀ òní, èyí ni ìkẹta. Pé ó korò, ṣùgbọ́n ohun tó bá korò ló ń ṣiṣẹ́.

Mo gba ife náà. Mo dà á sínú sìǹkì. Ó pariwo mọ́ mi. Ó ní ṣé èmi náà ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tí kò fẹ́ kí òun bímọ. Mo ṣàlàyé. Ó gba àkókò, nítorí n kò mọ ọ̀rọ̀ gígùn í sọ. Nígbà tí ó yé e, kò pariwo mọ́. Ó jókòó sórí àpótí. Ó ní, "Ta ló wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dára?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ìríra tí mo ń ní fún gbogbo wọn láti ọjọ́ yìí wá – eyín, èékánná, itọ́ – ó yí padà, ó wá jókòó sí àyà mi. Ó mọ ilé.

Mo kó èyí tó kù nínú ewé náà sínú ọ̀rá, mo so ó. N kò mọ ìdí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ẹ̀jẹ̀ kékeré lára aṣọ rẹ̀. Bí orí ìka. Nọ́ọ̀sì ní kí ó dùbúlẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ sókè, kí á padà wá ní Ọjọ́rú fún àyẹ̀wò. Ó bi wá pé kí ló jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn kí n tó dáhùn: "Ẹ̀fọ́ ni, mà." Ó dáàbò bò mí. Kò sì wò mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Kò sí ẹ̀jẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Kò sí ẹ̀jẹ̀. Kò bì. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òní nìkan ni kò bì. A jọ ń wo báàkẹ́ẹ̀tì gbígbẹ náà. Ọkọ Ẹ̀gbọ́n kò mọ nǹkan kan, ó ní ẹ ṣé o, òun á rí oorun sùn. Ẹ̀gbọ́n mi yí ojú sí ògiri.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo sọ fún Ọ̀gá Eyín. Gbogbo rẹ̀. Mo rò pé ó lè fi agbálẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò ní lè fi ti ẹ̀gbọ́n mi ṣe é. Lóòótọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó fi káàdì sílẹ̀. Ó bi mí bí oyún ṣe pẹ́ tó, iye ife, ọjọ́ mélòó, ọjọ́ orí ẹ̀gbọ́n mi, bóyá àwọn tó ti lọ ṣáájú wà. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́. Tí ẹ bá ti gbọ́ ti dókítà, sọ fún mi." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo rò pé ènìyàn ni.

Ewé náà ṣì wà nínú áàpù. Ọ̀gá Eyín ní ìlà tí òun bá ti fọwọ́ sí ti tì pa, a kò lè yí i padà, nǹkan ń lọ lẹ́sẹẹsẹ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọkàn ọmọ ń lù. A rí i lójú ẹ̀rọ, nǹkan kékeré kan tó ń ṣẹ́jú ṣẹ́jú bí iná fóònù tí bátìrì rẹ̀ fẹ́ tán, àmọ́ kò tán. Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú, ó fún un títí egungun fi ké. Nígbà tí a dé ìta, ó bì sínú gọ́tà. A rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń kọjá ń wò wá.

Láti ibẹ̀ mo gba ọ́fíìsì lọ. Mo mú ọ̀rá ewé náà lọ́wọ́. Ìyá Agbálẹ̀ tú u, ó fi ìka ra á, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Kí lèyí? Èyí kọ́ ni àlejò-kò-mọ̀. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ń bọ́ ehoro lèyí." Ó ní obìnrin ibùdókọ̀ náà kò ní i, kò sì fẹ́ kí oníbàárà lọ, ló bá já ohun tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. "Olè ló gba ọmọ yín là. Ẹ lọ kí i."

Mo sọ fún Ọ̀gá Eyín pé ọmọ wà láàyè. Mo sọ fún un, lẹ́ẹ̀mejì, pé kì í ṣe ewé yẹn ló mu. Ó ní, "Ó dára gan-an." Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo ṣí ojú ewé náà láàárọ̀ láti wò ó bóyá wọ́n ti yọ ọ́.

Ìràwọ̀ rẹ̀, èyí tí a fi ń sọ bí ewé ṣe dájú tó, ti kúrò ní méjì, ó di mẹ́ta. Òpó tuntun wà. Ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ẹni tó lò ó: 1. Mo tẹ̀ ẹ́. "Aboyún, ọ̀sẹ̀ kẹtàlá, oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ṣáájú. Ó mu omi ewé yìí fún ọjọ́ méjì. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò: ọmọ wà láàyè, ara rẹ̀ le."

Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni òótọ́, àyàfi "ewé yìí."

Mo dìde, mo lọ bì ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọn kì í fọ̀. Èmi tí n kì í bì. Mo wá lọ síwájú tábìlì rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn." Ó ní a kò kọ orúkọ rẹ̀, kí n fọkàn balẹ̀. Mo ní kì í ṣe ewé yẹn. Ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀, agbálẹ̀? Ó ní kí n má bínú, òun mọ̀ pé mo ní làákàyè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu lọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ̀rí lẹ̀rí, àwọn onínáwó ń bèèrè ẹ̀rí, èyí sì ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí a ní lórí gbogbo ewé ẹgbẹ̀rún kan náà. Káàdì ti padà sẹ́nu. Nǹkan aláwọ̀ ewé kan wà létí rẹ̀.

Igba obìnrin ó lé mẹ́tàdínlógún ló ti ṣí ojú ewé náà. Gúgúrú ló kà á fún mi. Kò jẹ nǹkan kan lónìí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣe. Mo ní n kò lágbára láti yọ nǹkan kúrò, mo lè fi kún un nìkan ni. Ó ní, "Fi kún un nígbà náà." Ó ń bó ọsàn. Ó fún mi ní ìdajì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó bá mi sọ̀rọ̀ láti Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, bí a bá yọ ti ilé ìwòsàn kúrò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo dé kí ẹnikẹ́ni tó dé. Iṣẹ́ mi tí mi ò tíì ṣe lórí ìlà yẹn wà níbẹ̀: so ohùn mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó ti ìyẹn pa. Wọ́n gbàgbé pé ó wà.

Mo gé ohùn Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, láti "Ẹ̀fọ́ ni" títí dé ẹ̀rín náà. N kò dín ẹ̀rín náà kù. Lẹ́yìn náà mo tẹ bọ́tìnnì, mo gba ohùn ara mi sílẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni mo gbà á. Lẹ́ẹ̀kìíní, n kò gbọ́ ara mi. Lẹ́ẹ̀kejì, mo gbàgbé nọ́ńbà fóònù mi. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo dá ẹ̀bi fún gbogbo ènìyàn, mo sì pa á rẹ́. Èyí tí mo fi síbẹ̀:

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí màmá yẹn ń pè ní gbálé, oyún ló ń gbá. Èmi ni mo tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kò yé mi, mo ṣì í kọ. Aboyún kò gbọ́dọ̀ mu omi ewé yìí. Ẹ̀rí tí ẹ rí níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni, ewé mìíràn ni wọ́n tà fún un. Ẹni tó bá ti mu ún, kó lọ sílé ìwòsàn lónìí. Nọ́ńbà fóònù mi nìyí."

Ohùn náà wọlé. Gbogbo ẹni tó ti ṣí ojú ewé náà rí, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí wọn pé nǹkan tuntun ti wọlé. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Ọ̀gá Eyín gbọ́ ọ ní aago mẹ́wàá. Ó ní kí n kó ẹrù mi. Ó ní kí Gúgúrú yọ ohùn náà kíá. Gúgúrú fa ọ̀rá gúgúrú rẹ̀ jáde, ó da ọwọ́ kan sẹ́nu, ó ní, "Ọ̀gá, mò ń jẹun lọ́wọ́." Ó ń jẹ ẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ń sọ̀kalẹ̀ ní aago méjìlá, ó ṣì ń jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mọ́kànlélógún ti pè. Ọ̀kan bú mi, bàbá mi àti ìyá mi. Ọ̀kan bi mí pé kí ni kí òun wá jẹ. Ìyá àgbà kan pè pé òun kò lóyún o, òun kàn fẹ́ gbọ́ ẹ̀rín yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì rà á. Àwọn mẹ́rin rà á, ẹ̀bá ibùdókọ̀ ni gbogbo wọn. Mo sọ fún wọn nípa ehoro. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí, ó ń fi ìlà kékeré sàmì sórí bébà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìkejìlélógún pè. Ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin ni, bí ẹgbẹ́ mi. Ó ní ṣé èmi ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ewé. Mo ní èmi ni. Ó ní òun ti ń mu ún láti ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀rí yẹn ló fi òun lọ́kàn balẹ̀. Mo ní kó dìde báyìí, kó máa lọ sílé ìwòsàn. Ó ní ó rẹ òun. Mo ní kó má bẹ̀rù jù, kó sọ fún mi, lọ́wọ́ ta ló ti ra ewé náà.

Ó ní òun kò rà á. Àlejò-kò-mọ̀ gan-an ni, ẹ̀yìnkùlé ìyá òun ni òun ti já a.